Ìgbà Wo Ló Ń Dún? Ariwo Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ àti Ohun Tó Ń Fà Á

Bí ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bá ti ń dún n'Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tí onímọ́tò sábà máa ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni, "Ẹ lọ ra ṣáàfùtì wá." Ó lè jẹ́ ṣáàfùtì lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ línkéèjì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tàbí nọ́ọ̀tì táyà tí fọkanáísà kò dè le. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ra jọ́ìntì ṣáàfùtì ọ̀tún àti tòsì, tí wọ́n sanwó iṣẹ́ lé e, tí ariwo náà sì tún bá wọn délé. Kí ẹnikẹ́ni tó forí lé ọjà Àràròmí ní Gate lọ ná páàtì, ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ti rí ìdáhùn sí: ìgbà wo ni ọkọ̀ náà ń dún? Ṣé tó bá ń yà ní kọ́nà ni? Ṣé tó bá kó sí kòtò ni? Ṣé tí ẹ bá tẹ bíréèkì ni, àbí tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí gíà? Ó dára kéèyàn mọ bí ariwo náà ṣe ń dún, ṣùgbọ́n ìgbà tó ń dún ló ń júwe ibi tó bàjẹ́.

Ìbàdàn jẹ́ ibi tó dára láti kọ́ nǹkan yìí, nítorí Micra. Micra tó ń kó èrò láti Dùgbẹ̀ lọ sí Challenge, tàbí láti Àgbowó lọ sí Mọ́kọ́lá, táyà iwájú ló fi ń fa ara rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni irú èyí tí Nissan gbé jáde ní 1992, tó gba àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó dára jù lọ lọ́dún ní Yúróòpù ní 1993, ọkọ̀ ilẹ̀ Japan àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ yóò tẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ kékeré fún ìdílé kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Níbí, èrò méjì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn, ẹrù nínú búùtù. Awakọ̀ á wá yí sítíárìn dópin kó lè padà lójú kan náà, á sì tẹná mọ́ ọn kí ẹlòmíràn má baà gba iwájú rẹ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ ẹsẹ̀ iwájú tó ìyẹn.

Àwọn tó gun Peugeot 504 yóò rántí pé tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ yẹn, tí ilé iṣẹ́ Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni agbára ń lọ. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ iwájú kò ju kó gbé ẹrù, kó sì yà síbi tí awakọ̀ bá darí rẹ̀ sí. Lára Micra, Corolla, Camry tí à ń pè ní Big Daddy, àti Accord tí à ń pè ní End of Discussion, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀, òun ló ń yà, òun náà ló ru ẹ́ńjìnnì. Gbogbo páàtì tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí há mọ́ ẹ̀yìn táyà kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí etí nìkan fi máa ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣáàfùtì ṣáájú, nítorí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń dá jù. Irin gbọọrọ ni, ó wà láàárín gíà àti táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ máa yí táyà bí táyà tilẹ̀ kọjú sọ́tùn-ún tàbí sósì, bó sì ti ń fò sókè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kòtò. Irin tó gan lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà oríkèé wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní CV joint. Nínú jọ́ìntì ìta, èyí tó wà lọ́dọ̀ táyà, bọ́ọ̀lù irin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára irin fún un. Alfred Rzeppa, ẹnjiníà kan ní Ford ní Amẹ́ríkà, ló ṣe irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Mini ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1959 ló sì mú kó tàn dé ara àwọn ọkọ̀ kéékèèké. Jọ́ìntì inú, èyí tó wà lọ́dọ̀ gíà, sábà máa ń ní apá mẹ́ta pẹ̀lú rólà lórí apá kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń yọ́ wọlé, ó ń yọ́ jáde, kí ṣáàfùtì lè gùn tàbí kó kúrú bí táyà bá ṣe ń lọ sókè sódò.

Gírísì dúdú tó ní molybdenum nínú ló kún inú àwọn jọ́ìntì yìí. Rọ́bà oníṣẹ́po bò wọ́n, irin tẹ́ẹ́rẹ́ sì fún rọ́bà náà lẹ́nu lápá méjèèjì. Rọ́bà yìí ni kí ẹ mọ̀ dáadáa, torí òun ló ń kọ́kọ́ kú. Ooru ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ orí, òkúta ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ló ń sán an. Bó bá ti ya, bí ṣáàfùtì ṣe ń yí ni yóò máa fọ́n gírísì dànù, tí yanrìn àti omi òjò yóò sì máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, jọ́ìntì tí nǹkan kan kò ṣe tẹ́lẹ̀ ti ń kú lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dún.

Ìgbà tó bá máa dún, kọ́nà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin tí kò rí gírísì mọ́ ti gbẹ́ kòtò wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà tó ń rìn. Bí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, bọ́ọ̀lù kò rìn jìnnà, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Tí ẹ bá yí sítíárìn dópin tí ẹ sì tẹná, bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan á máa rìn síwá sẹ́yìn, á sì máa fò kọjá àwọn kòtò náà: tá, tá, tá, tá, bí ẹni tó ń já ìka ọwọ́ léraléra. Bí táyà bá ṣe ń yára ni ariwo náà ń yára.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ wá ibi gbalasa tí ènìyàn kò sí, ẹ sọ gíláàsì sílẹ̀, ẹ pa rédíò àti A/C. Ẹ yí sítíárìn sósì dópin, ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ wá máa tẹná díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń yí po. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sọ́tùn-ún náà. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ yí sósì ló dún jù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí òun ló wà lóde ìyípo náà. Ìfura ni o, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni kí ẹ yí táyà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Bí rọ́bà bá ti ya, gírísì dúdú á ti ta sí inú ríìmù, sára ṣọ́ọ̀kì, àti sí abẹ́ fẹ́ńdà. Bí rọ́bà bá wà pé, tó gbẹ, tí kò sí gírísì níbì kankan, ẹ má tíì sanwó jọ́ìntì fún ẹnikẹ́ni.

Ti jọ́ìntì inú yàtọ̀. Kì í sábà dún ní kọ́nà. Bí ẹ bá ń tẹná láti gbéra, pàápàá tí ẹ bá ń gun òkè, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, bí ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ìgbọ̀n náà á dáwọ́ dúró. Ó tún lè dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹ bá fi gíà sí D tàbí R. Ṣùgbọ́n níbí ni kí ẹ ti ṣọ́ra, nítorí ẹ́ńjìnnì síìtì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) tó ti ya máa ń dún gbì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa hándì bíréèkì, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ fi í sí D, kí ẹ tẹná díẹ̀, kí ẹnì kan sì máa wo ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tí síìtì rẹ̀ dára yóò mira díẹ̀, yóò sì jókòó. Èyí tí síìtì rẹ̀ ti ya yóò dìde bí ẹni fẹ́ jáde.

Ariwo tó wọ́pọ̀ jù nílùú yìí kò kan ṣáàfùtì rárá. Ti ojú kòtò ni: ọkọ̀ ń rọra lọ lójú títì àdúgbò tí òjò ti fọ́, ẹsẹ̀ kan kó sí kòtò kékeré, ẹ wá ń gbọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí ìgbà tí irin ń lu irin. Línkéèjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì kí ọkọ̀ má baà fẹ̀gbẹ́ jù ní kọ́nà. Línkéèjì ni irin kúkúrú tó so ó mọ́ ẹsẹ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, oríkèé kékeré sì wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Bí oríkèé yẹn bá ti jẹ, kòtò wẹ́wẹ́ ló máa ń fi í hàn ju kòtò ńlá lọ, àti bọ́ǹpù tí ẹsẹ̀ kan gùn ṣáájú èkejì. Ẹ pa ọkọ̀, kí táyà wà nílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ di línkéèjì mú, kí ẹ mì í dáadáa. Bó bá mì, tó dún, iṣẹ́ ti tán: nǹkan tí kò wọ́n ni, kò sì gba àkókò láti pààrọ̀. Èrò mi ni pé mẹkáníìkì tí kò bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan línkéèjì kó tó ní kí ẹ lọ ra ṣọ́ọ̀kì kò tíì wo ọkọ̀ yín.

Bí línkéèjì bá dára, ẹ wo rọ́bà bọ́ṣì tó di irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mú lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn náà orí ṣọ́ọ̀kì. Rọ́bà àti bẹ́árìn kan wà lórí ṣọ́ọ̀kì, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹn bá ti kú, ariwo náà máa ń wá bí ẹ bá ń yí sítíárìn níbi tí ọkọ̀ dúró sí: sípíríǹgì á há, á wá fò padà pẹ̀lú ìró tọ̀ǹ tí ẹ lè fẹsẹ̀ mọ̀ nílẹ̀ inú ọkọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí ṣọ́ọ̀kì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹlòmíràn máa yí sítíárìn, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó bá ń fò. Ẹ má ki ìka bọ àárín sípíríǹgì.

Ti bíréèkì rọrùn láti dá mọ̀. Bó bá ń dún gbọ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ẹ bá ṣe ń tẹ bíréèkì, tó tún dún lẹ́ẹ̀kan bí ẹ bá fi rífásì rìn sẹ́yìn tí ẹ sì tún tẹ̀ ẹ́, bọ́ṣì áàmù (irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ara ọkọ̀ lábẹ́) ni kí ẹ fura sí, pàápàá èyí ẹ̀yìn. Rọ́bà inú rẹ̀ ti ya, áàmù wá ń sún síwájú sẹ́yìn. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kòtò, ṣùgbọ́n tó dákẹ́ bí ẹ bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́, páàdì tàbí caliper ló tú. Ariwo tó dà bí ìkùnsínú, gbùùù, tó ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, tó sì ń yí padà bí ẹ bá rọra mú ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ti bẹ́árìn táyà ni.

Ọ̀kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, oríkèé tó so áàmù pọ̀ mọ́ ibi tí táyà wà. Jọ́ìntì ṣáàfùtì tó ń dún tá-tá lè gbé yín lọ sílé. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ọjọ́ kan yóò já, ọkọ̀ kò sì ní rìn mọ́. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó bá yọ kò ní dá ọkọ̀ dúró jẹ́jẹ́. Táyà yóò dà wó sábẹ́ fẹ́ńdà, sítíárìn kò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ní òpópónà Bódìjà, ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀, wọ́n á sì máa fọn fèrè sí yín. Ní márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, lórí eré 100, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tí mẹkáníìkì bá sọ fún pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ ti jẹ kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ náà rìnrìn àjò.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò le láti rí. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta wé táyà ẹ̀yìn, ẹ jáàkì í. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó sábẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ fi stand sí i, bí kò bá sì sí, ẹ tẹ́ táyà àfikún sábẹ́ rẹ̀. Ẹ wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ máa tì í kí ẹ máa fà á. Bó bá ń mì, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ó sì lè jẹ́ bẹ́árìn. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ tún mì í: bí ìmì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́árìn ni, bó bá ṣì wà, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di táyà mú lọ́wọ́ ọ̀tún àti lọ́wọ́ òsì. Bó bá ń mì báyìí nìkan, tie rod tàbí rack end ni, àwọn irin tí sítíárìn fi ń darí táyà. Kí ẹ sì tó ṣe gbogbo wàhálà yìí rárá, ẹ ti sípánà bọ gbogbo nọ́ọ̀tì táyà. Èyí tó bá tú máa ń dún bí jọ́ìntì tó ti kú, táyà sì lè yọ lójú eré. Lára Corolla, ìwọ̀n tí Toyota ní kí wọ́n fi dè é ni 103 Newton-mítà.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Bí rọ́bà bá ti ya ṣùgbọ́n tí jọ́ìntì kò tíì dún, orí yín ló ṣe é. Kí wọ́n yọ ṣáàfùtì, kí wọ́n tú jọ́ìntì, kí wọ́n fọ gírísì àtijọ́ àti yanrìn kúrò títí irin yóò fi dán, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n kún un pẹ̀lú gírísì CV, kí wọ́n sì fi rọ́bà tuntun àti irin ìdè tuntun sí i. Bó bá ti ń dún, gírísì kò lè wò ó sàn mọ́. "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀, mo máa ki gírísì sí i" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú. Kòtò tí bọ́ọ̀lù ti gbẹ́ sára irin kì í dí. Bákan náà ni èyí tí wọ́n ń gé tíùbù táyà tí wọ́n fi ń wé rọ́bà tó ya. Àwọn míràn máa ń gbé jọ́ìntì ọ̀tún sí òsì, kí bọ́ọ̀lù lè máa ti ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà tí kò tíì jẹ. Ariwo á dákẹ́ díẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀ torí owó kò tíì sí, ó yé mi, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ni ẹ rà.

Bí ẹ bá máa ra jọ́ìntì, ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí Gate. Ẹ ka eyín tó wà lára rẹ̀, tinú àti tòde, torí jọ́ìntì méjì lè jọra lójú kí eyín wọn má dọ́gba. Bí ọkọ̀ yín bá ní ABS, kí òrùka eléyín tó wà lára ti àtijọ́ wà lára tuntun. Tí ẹ bá fẹ́ tòkunbọ̀, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Belgium, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dópin, kí ẹ fọwọ́ yí i po díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó máa le lọ́wọ́ yín, kó sì máa yọ̀ bákan náà káàkiri. Bó bá ń fò lọ́wọ́ yín tàbí tó ń mì, ẹ gbé e sílẹ̀. Jọ́ìntì tòkunbọ̀ gidi tí rọ́bà rẹ̀ kò tíì ya wù mí ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tó wà nínú páálí dídán lọ. Ní ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, mi ò ní ra tòkunbọ̀ láéláé, ẹ̀mí ni.

Ẹ dúró ti mẹkáníìkì nígbà tó bá ń ṣe é, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kó má fa ara ṣáàfùtì pẹ̀lú agbára, torí jọ́ìntì inú lè yọ kúrò nínú ilé rẹ̀. Ìdí jọ́ìntì náà tó wọ inú gíà ni kó fi irin yọ jáde. Bí ọ́ìlì gíà bá dà nígbà náà, kó wọn ọn kó sì dá a padà. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà nílò agbára tó ju ti sípánà lásán lọ, ó lé ní 200 Newton-mítà lára ọ̀pọ̀ Toyota, bí kò bá sì le tó, ọkọ̀ á máa dún tá lẹ́ẹ̀kan bó bá gbéra síwájú lẹ́yìn rífásì.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe, tó sì ń pa bọ́ṣì áàmù tuntun kó tó pẹ́. Rọ́bà ni inú bọ́ṣì, bí ẹ bá sì ti dè é pa, ibi tí áàmù wà lásìkò náà ni yóò kà sí ìjókòó rẹ̀. Bí wọ́n bá dè é nígbà tí táyà ń rọ̀ lórí jáàkì, gbàrà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ni rọ́bà náà ti lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà tọ̀sán tòru títí yóò fi ya. Ẹ ní kó rọra de bóòtì bọ́ṣì, kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí ìwúwo ẹ́ńjìnnì wà lórí táyà, kó tó wá fún un parí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó dè é pa" kò ní bí ẹni tó mọṣẹ́ nínú. Bó bá sì jẹ́ áàmù, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí tie rod ni wọ́n pààrọ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe alignment ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà á jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba páàtì àtijọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Jọ́ìntì tó ti kú lóòótọ́ máa ń ní kòtò tí ìka lè mọ̀ lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù rẹ̀. Línkéèjì tó ti kú máa ń rọ̀ jọwọrọ lọ́wọ́. Ẹ wá gbé mẹkáníìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọkọ̀, kí ẹ jọ gba ojú ọ̀nà tó ti ń dún tẹ́lẹ̀, ní irú eré kan náà. Bó bá ṣì ń dún, tí páàtì tí wọ́n yọ kò sì ní àlèébù, ẹ kò tíì rí ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ẹ padà sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà kejì.